Ọkùnrin Tí Kò Fẹ́ Rìn Nínú Odò

Àkànmú, gbé àwọn fọ́ọ̀mù méjèèjì yẹn sórí tábìlì ná, kí o sì jẹ ẹ̀pà tí mo gbé síwájú rẹ. Láti ìgbà tí o ti wọlé lo ti ń yí wọn lọ́wọ́, ìwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé ìwòsàn aládàáni tó ní òun yóò kọ́ ọ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún kan péré, wọ́n sì ń retí èsì rẹ ní ọjọ́ Ẹtì. Èkejì jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọdún mẹ́ta gbáko. Kí o sì tó wọ ibẹ̀, o ní láti tún ìdánwò físíìsì àti kẹ́mísìrì ṣe, ìwọ àti Ìbídùn ọmọ rẹ ní ọdún kan náà, ó sì lè jẹ́ nínú gbọ̀ngàn kan náà. Má wojú mi bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ní kí o fi físíìsì ṣeré nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

O ní kí n yan ọ̀kan fún ọ nítorí pé èmi ni àbúrò bàbá rẹ, mo sì ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Mi ò ní yan nǹkan kan. Ìtàn kan ni mo fẹ́ fi ṣe àkàwé fún ọ, lẹ́yìn náà n ó sọ ohun tó wà nínú mi.

Ọkùnrin kan ń gbé létí odò ńlá kan, iṣu ló ń gbìn. Ogún ọdún ló fi kọ ebè, ó sì ń rí jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá kó iṣu lọ sí ọjà tó wà ní òdìkejì odò, kì í fẹ́ kúrò ní èbúté. Òun ni yóò di ọwọ́ arúgbó mú kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Òun ni yóò máa bá ọmọdé tó ń bẹ̀rù sọ̀rọ̀ títí ọmọ náà yóò fi gbàgbé pé omi ló wà lábẹ́ òun. Nígbà tó pé ọmọ ogójì ọdún, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ títù. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí o sọ ọ́."

Àwọn atukọ̀ èbúté náà ní àṣà kan. Wọn kì í fi àjẹ̀ tí wọ́n ń fi tu ọkọ̀ lé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ títí yóò fi rin odò náà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi fà títí ó fi ku èyí tó ń mu ènìyàn dé àyà tàbí dé orúnkún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a ká ṣòkòtò sókè, wọn a wọ inú odò lọ, wọn a máa rìn láti etí kan dé èkejì ní gbogbo òwúrọ̀. Gbogbo àpáta ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Gbogbo kùkùté ni wọ́n ń fẹsẹ̀ wá. Àpáta kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Ajẹkọ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Jókòó-dè-mí, nítorí pé bí omi bá ti rọra bò ó mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ń rí i mọ́, yóò kàn jókòó síbẹ̀ máa dúró de ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ni wọ́n fi ń rìn bẹ́ẹ̀. Òjò ọdọọdún ló ń ṣí iyanrìn nípò, ẹni tó bá rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, odò èṣí ló mọ̀.

Ọkùnrin yìí wá bá olórí àwọn atukọ̀, baba arúgbó kan tí èjìká rẹ̀ kan ti ga ju èkejì lọ nítorí ọkọ̀ títù. Baba ní, "O káàbọ̀. Ká ṣòkòtò rẹ sókè." Ọkùnrin náà wo inú odò. Àwọn tó ń rìn níbẹ̀, ẹgbẹ́ àkọ́bí rẹ̀ ni wọ́n. Ẹrẹ̀ ti dé itan wọn, wọ́n ń jù ú lu ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i lójú ọ̀nà oko. Ojú tì í. Ó ní, "Baba, mo ti pé ogójì ọdún. Ṣé kò sí ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà?"

Baba ní, "Ọ̀nà kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ̀ ọ́, o lè jókòó sórí àpáta, a kò ní bínú."

Ó padà sílé. Àkànmú, má rò pé ọ̀lẹ ni o. Ẹni tó fi ogún ọdún kọ ebè kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú ló ń tì í, ó sì ti ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ débi pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nísàlẹ̀ odò náà, níbi tí omi ń ṣàn lọ, èbúté kékeré kan wà. Kò jìnnà sí èbúté ńlá, bí ènìyàn bá kígbe ní ọ̀kan, wọ́n á gbọ́ ní èkejì. Àsìkò òjò nìkan ni wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ni ín jẹ́ ọlọ́yàyà. Ó ní, "Omi ti kún, ó ti bo ohun gbogbo. Kí lo tún ń wá lọ sí ìsàlẹ̀ omi? Ṣebí òkè omi ni ọkọ̀ ń gbà." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ọkùnrin wa. Láàárín oṣù méjì péré, ó ti mọ ọkọ̀ tù.

Kí n sọ òtítọ́, ó mọ̀ ọ́n tù gan-an. Apá tó ti fi kọ ebè kò mọ àárẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kì í yà bàrá. Àwọn arúgbó a máa jókòó sí èbúté, wọn a ní ọkọ̀ tirẹ̀ làwọn máa wọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ kan fún un kí ó máa dá ṣiṣẹ́. Ní gbogbo àsìkò òjò yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé nǹkan kan kù tí kò mọ̀, òun alára kò sì mọ̀ pé ó kù.

Òjò dáwọ́ dúró. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà díẹ̀díẹ̀. Àsìkò yẹn ló burú jù lọ lórí odò náà, nítorí pé àwọn àpáta kò tíì yọrí, wọn kò sì jìn sísàlẹ̀ mọ́. Omi tó bò wọ́n kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń rọbí wá sí èbúté kékeré, ìyá rẹ̀ dì í mú. Òdìkejì odò ni agbẹ̀bí ń gbé. Ọkọ̀ ọkùnrin yìí nìkan ló wà nílẹ̀. Ó gbé obìnrin náà sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó sì ti ọkọ̀ náà wọ omi. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ó rí i pé ojú omi hunjọ níwájú òun. Kò mọ̀ bóyá atẹ́gùn ni tàbí òkúta. Ó wo ọ̀tún, bákan náà ni. Ó wo òsì, bákan náà ni. Ibi tó ti gbà kọjá láìmọye ìgbà nìyẹn, ó sì wá dà bí ilé onílé lójú rẹ̀.

Ìyá obìnrin náà rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé a lè kọjá?"

Àkànmú, ibí ni mo fẹ́ kí o ti gbọ́ mi dáadáa. Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á gbà á gbọ́. Ó lè ki àjẹ̀ bọ omi kí ó sì máa gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti fi ojú ara mi rí wọn ní ilé ìwòsàn, mo sì ti bá wọn gbé òkú lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí wo ikùn obìnrin náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, mi ò mọ̀."

Ìyá náà kò bú u. Ó kàn di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì gbójú sápá ibòmíràn. Ì bá sàn fún ọkùnrin yìí ká ní ìyá náà bú u.

Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró sójú kan, ó sì ké sí àwọn tó wà lókè odò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èbúté ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tiwọn ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn lúwẹ̀ẹ́ wá, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó rìn, ó sì di iwájú ọkọ̀ mú. Ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i lójú ọ̀nà oko ni. Ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́, sà. Jókòó-dè-mí ló wà lápá òsì yín yẹn. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn rẹ̀." Ó ń rìn lọ níwájú, omi mu ún dé àyà, ọkùnrin náà sì ń tù tẹ̀lé e. Wọ́n gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, obìnrin náà ti bí ọmọbìnrin.

Gbogbo ènìyàn ló ń kí ọkùnrin náà kú iṣẹ́. Ó dá ọkọ̀ padà fún ẹni tó ni ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba èbúté ńlá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè kí ó tó débẹ̀. Ó ti kó oríṣiríṣi ẹ̀bẹ̀ jọ sẹ́nu. Baba arúgbó náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti jẹun? Omi yìí máa ń tutù."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn baba yẹn.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ kò rọrùn rárá. Ìyàwó rẹ̀ ló mú oko dání, wọ́n dín ebè kù, wọ́n sì dín ẹran inú ọbẹ̀ kù. Òun náà ń ṣubú sínú ẹrẹ̀, àwọn ọmọ náà ń fi í rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n sì ń bu ẹ̀kọ tiwọn fún un. Bí orúnkún bá ń dùn ún, a jókòó sórí àpáta. Kò sí ẹni tó bínú.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, wọ́n dé ibi òkìtì iyanrìn kan láàárín odò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ibẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yà fún un. Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Eléyìí kò ní sí níbí mọ́ lẹ́yìn òjò. Ilẹ̀ rẹ̀ kò dì mọ́ra. Apá ọ̀hún tí koríko ti ta gbòǹgbò sí, ìyẹn ló máa dúró." Baba arúgbó náà wọ inú omi wá, ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?"

Ó ní, "Ebè ni, Baba."

Baba pe gbogbo àwọn yòókù jọ, ó ní kí wọ́n wá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ kí wọ́n sì gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wọn ń sọ. Nígbà tí òjò lọ, bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ni odò ṣe. Ẹni tó rò pé ogún ọdún òun ti ṣègbé sí oko ni wọ́n wá ń bi léèrè ọ̀rọ̀ iyanrìn.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kẹta, Baba fi àjẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ní ọdún náà, nígbà tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ìyá àgbà kan fa ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́ta lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n dá ara wọn mọ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, tí ojú omi hunjọ, ìyá náà rọra wò ó, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé a lè kọjá?"

Ó ní, "Màmá, ẹ wo apá òsì yín. Jókòó-dè-mí ló wà níbẹ̀ yẹn. A ó gba ẹ̀yìn rẹ̀." Ọmọdé náà yọ ọrùn wo inú omi, kò rí nǹkan kan. Wọ́n sì kọjá.

Ìtàn mi tán. Ìwọ ni mo wá fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí, Àkànmú.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá rẹ dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, mo máa ń jókòó sí ìdí fèrèsé, mo ń wò ọ́. O máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ ra ara wọn títí wọn yóò fi gbóná kí o tó fọwọ́ kàn án. O ń yí i padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́, àwọn kan wà tí mo gbìyànjú títí tí mi ò rí ìyẹn kọ́ wọn. Nítorí náà, má bi mí mọ́ bóyá iṣẹ́ náà yẹ ọ́. Ó yẹ ọ́. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí nítorí rẹ. Àwọn aláìsàn á fẹ́ràn rẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á gbà ọ́ gbọ́, ìfẹ́ yẹn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí o kò mọ̀.

Mi ò bú àwọn tó gba ọ̀nà ọdún kan. Mo bá wọn ṣiṣẹ́, àwọn kan nínú wọn ní sùúrù jù mí lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, wọn kò sì rí ẹni mú wọn wọ inú odò. Wọ́n kàn ń gbé ọkọ̀ lé wọn lọ́wọ́ ni. Aláìsàn lè jókòó kí ó máa jẹ ìrẹsì, kí ó máa bá ọ ṣe àwàdà, kí àpáta sì wà ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lábẹ́ rẹ̀. Èémí rẹ̀ kàn yára díẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ kàn fẹ́ pọ́n ni. Bí ojú omi ṣe ń hunjọ nìyẹn. Kẹ́mísìrì tí ò ń sá fún, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín tó máa sú ọ ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ìyẹn ni ẹrẹ̀ tí mò ń wí. Ti yunifásítì tí o mẹ́nu bà, ọdún márùn-ún ni, o sì ní ọmọ tí ò ń bọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta tó ọ ná. Bí o bá ní ìwé àṣẹ rẹ tán, tí o ṣì fẹ́ lọ sí yunifásítì, ọ̀nà kò ní dí.

O ń sọ pé ọdún méjìdínlógún tí o lò ní ilé ìtẹ̀wé ti ṣòfò. Ta ló sọ fún ọ? Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé o dá ẹ̀rọ dúró lọ́jọ́ kan, tí ọ̀gá rẹ ń pariwo lé ọ lórí, nítorí àmì kan ṣoṣo tó bọ́ síbi tí kò yẹ nínú ìwé oníwèé. Àmì kékeré kan wà tí a máa ń rí láàárín nọ́ńbà nínú ìwé oògùn. Bí ó bá ṣí nípò, oògùn náà á di ìlọ́po mẹ́wàá. Mo mọ ẹni tí kò rí i. Ojú tí o fi dá ẹ̀rọ dúró lọ́jọ́ náà, òun ni ebè tìrẹ.

Ní ti ojú tó ń tì ọ́, Ìbídùn wá síbí lánàá. Ó ní kí n má sọ fún ọ, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, mo máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n ní kí n má sọ. Ó ti pín tábìlì ìkàwé rẹ̀ sí méjì. Ó ní apá ọ̀tún ni tìrẹ nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ iná, ojú rẹ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ọmọ tí o bí nìyẹn, ó ti wà nínú ẹrẹ̀, ó ń dúró dè ọ́. Bí o bá ṣubú, yóò rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ ọ́n. Kí ìwọ náà rẹ́rìn-ín.

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ní oṣù tó kọjá. Ọdún kan fún ìdánwò, ọdún mẹ́ta fún ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè gbé èmi náà wọlé sórí ibùsùn kan, kí n wò ọ́ lójú bí ìyá inú ọkọ̀ yẹn, kí n sì bi ọ́ bóyá a lè kọjá. Mi ò fẹ́ kí o dá mi lóhùn nítorí pé o fẹ́ràn mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀. Ọdún mẹ́rin ni, Àkànmú. N ó gbìyànjú láti dúró.

Ó yá, ká ṣòkòtò rẹ sókè. Ṣùgbọ́n jẹ ẹ̀pà yẹn tán ná, omi máa ń tutù.